Ìta Tinúubú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ni ó yẹ kí a wò kí a tó sọ ìta gbangba ìlú lórúkọ?

Ìta Tinúubú wà ní erékùṣù Èkó, nítòsí Báńkì Àpapọ̀. Ní 1960, nígbà òmìnira, àwọn ará Lẹ́bánónì fi ẹ̀rọ tí ń tu omi sókè ta ìlú lọ́rẹ níbẹ̀. Ìjọba sì sọ ibẹ̀ ní Ìta Òmìnira, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ ni ó borí.

Ta ni Ẹfúnróyè Tinúubú? Ọmọ Ẹ̀gbá ni, aya Adélé ọba Èkó. Àgbádárìgì ni ó ti fi iyọ̀, tábà àti ẹrú ṣòwò, tí ó fi lówó. Ní 1856, Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lé e kúrò ní Èkó. Ó pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn Ẹ̀gbá láti kojú Dàhọ̀mì. Ní 1864 wọ́n fi í jẹ Ìyálóde. Ó kú ní 1887.

Àwa tí a ń gbé Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò, ọ̀nà Àgbádárìgì ni ọ̀nà wa. Ọ̀nà náà dé èbúté tí a ti kó ènìyàn sọdá òkun. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí pé, “Sà, bí ó bá jẹ́ pé ìyá ńlá yín ni wọ́n tà, ṣé ẹ ó lè jókòó sí ìta yẹn?”

Àwọn kan yóò ní bí ayé ti rí nígbà náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a tà náà wà láyé nígbà náà. Ta ni ó bi í bóyá ó dára? Àwọn mìíràn ní kí a pa orúkọ náà rẹ́. Èmi kò gbà. Orúkọ Ìta Òmìnira kò lè rán ẹnikẹ́ni létí ẹrú kankan.

Oríkì ni ó yẹ kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Oríkì kì í bo àléébù mọ́lẹ̀. Akéwì a yin jagunjagun, a sì dárúkọ ìlú tí ó sọ di ahoro. Ẹni tí a ń kì kò ní bínú. Kí orúkọ Tinúubú dúró, ṣùgbọ́n kí a kọ odindi ìtàn rẹ̀ sára òkúta níbẹ̀: ìbọn tí ó fi gba Ẹ̀gbá sílẹ̀, àti ènìyàn tí ó tà. Bí a bá kọ ìdajì, irọ́ ni a gbẹ́ sára òkúta.