Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ọmọ Ìmọ́lẹ̀ Padà Lọ Wo Ilé Baba Rẹ̀?

  Ìwé díẹ̀ tí mo kà ní lékọ́ọ̀lù kò tó èyí tí ènìyàn fi ń jiyàn ọ̀rọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi, ó sì sàn kí n gbé e wá síwájú ìjọ ju kí ó máa jẹ mí nínú.

Ọ̀rọ̀ náà ni pé, ẹni tí Ọlọ́run ti pè jáde kúrò nínú òkùnkùn, tí ó ti wọ aṣọ funfun, ṣé ó tọ́ kí ó kó ìyàwó àti ọmọ padà lọ wo ilé tí àwọn baba rẹ̀ ti bọ òrìṣà? Bí ó bá sì lọ, kí ni kí ó ṣe níbẹ̀, kí ni kí ó má ṣe?

Ohun tí ó mú mi ronú kan án rèé. Àbúrò mi ọkùnrin, tí ó ti lé ní ogún ọdún ní ilẹ̀ Faransé, ránṣẹ́ sí mi ní ọdún 2023 pé òun ń mú ìyàwó òun àti àwọn ọmọ òun méjèèjì bọ̀, kí a jọ lọ sí Ìmẹ̀kọ, níbi tí baba baba wa ti wá sí Àjàṣẹ́. Ó ní ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún mọ́kànlá, bi òun léèrè pé, "Papa, níbo gan-an ni a ti wá?" Òun dá a lóhùn pé Benin ni. Ọmọ náà ní, "Kí ó tó di Benin ńkọ́?" Àbúrò mi kò rí èsì. Ṣé ẹ rí i, orúkọ Benin yìí fúnra rẹ̀, ọdún 1975 ni wọ́n fi rọ́pò Dahomey.

Nígbà tí mo sọ ọ́ ní ìjọ, inú àwọn kan kò dùn sí i. Ẹnì kan tí ó máa ń ríran sọ fún ìyàwó mi pé òun rí okùn dúdú ní ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà, kí a má lọ. A tan àbẹ́là, a gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, a sì lọ. Èmi kò fojú di ìran, ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ṣùgbọ́n mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ẹ̀rù ará ilé ni a sọ di ìran. Mo mọ ọkùnrin kan tí kò lọ sin baba tí ó bí i, nítorí wọ́n ní ayé pọ̀ ní agbo ilé náà. Àwọn àjèjì ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ fún baba rẹ̀. Ó ń wá sí ìsìn títí di òní, ṣùgbọ́n bí a bá ka òfin karùn-ún, ojú ilẹ̀ ló máa ń wò.

Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, a gba Sakété àti Pobè dé Kétu. Mo ní kí ọkọ̀ dúró ní Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, kí àwọn ọmọ fojú rí i. Mo sọ fún wọn pé ní 1886 ogun Dahomey kó ìlú yìí, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ìgbèkùn lọ sí Agbómẹ̀. Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó láàárín ara wọn, wọ́n fa ìlà sórí ilẹ̀ wa: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ abẹ́ Alákétu kan náà ni wọ́n ti wà. Nígbà tí a kọjá Ìlárá, tí àwọn dúáànì ti yẹ ìwé wa wò tán, ọmọkùnrin àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, béèrè pé: bí a bá ti dé orílẹ̀-èdè mìíràn, èéṣe tí àwọn èyí ṣì ń sọ èdè wa? Kò sí àgbàlagbà tí ó lè bi í jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Púpọ̀ nínú àwa aláṣọ funfun mọ ọ̀nà Ìmẹ̀kọ dáadáa. Samuel Bilewu Oshoffa, tí a bí ní Àjàṣẹ́ ní 1909, ìyá rẹ̀ ará Ìmẹ̀kọ ni, ibẹ̀ náà ni a sì sin ín sí ní 1985. Àwọn ènìyàn ń rọ́ lọ síbẹ̀ fún Kérésìmesì láti ilẹ̀ òkèèrè. Èmi alára ti lọ síbẹ̀ nígbà mẹ́fà fún ìsìn. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: nínú ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, n kò yà sí agbo ilé wa rí, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ lásán ni ènìyàn lè fi rìn ín. Mo ń wá Ọlọ́run ní Ìmẹ̀kọ, mo sì ń fi ara pamọ́ fún àwọn ènìyàn mi ní Ìmẹ̀kọ kan náà.

Wọ́n gbà wá tayọ̀tayọ̀. Baálé ilé ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Baba rẹ̀ àti baba baba mi, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìyá àgbà kan, àbúrò rẹ̀, fa ọmọbìnrin náà mọ́ra, ó fi ọwọ́ lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí kì í. Ọmọ náà kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì di ìró ìyá náà mú ṣinṣin. Èmi ń fetí sílẹ̀ ní tèmi. Mo gbọ́ orúkọ Ògún nínú oríkì náà, mo gbọ́ orúkọ àwọn mìíràn, ara mi kò balẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni Baálé gbé obì àti ọtí jáde. Ó ní kí a jọ lọ sí ojú oórì ní ẹ̀yìnkùlé, kí òun sọ fún wọn pé àwọn ọmọ wọn ti dé láti ìlú òyìnbó. Mo dìde. Mo ní Ọlọ́run tiwa kò gba ọtí. Mo ní òkùnkùn ni gbogbo èyí, àti pé àwọn tí ẹ ń da ọtí sí náà kò gbọ́. Ohùn mi lọ sókè bí ti ẹni tí ń wàásù, níwájú ìyàwó, níwájú ọmọ. Baba náà wò mí, kò bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, àwọn tí o ní wọn kò gbọ́ yìí, àwọn ni wọ́n ta òfì tí wọ́n fi ń hunṣọ, tí wọ́n fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí Àjàṣẹ́ kí baba rẹ lè kàwé." Ó gbé ọtí rẹ̀, ó wọlé.

Nínú ọkọ̀, bí a ti ń padà, ọmọbìnrin náà fọwọ́ kàn mí. Ó ní, "Tọ́ntọ́n, bí a kò bá da ọtí, ṣé a kì í ṣe ọmọ wọn mọ́ ni?" Mo ní kí ó sùn.

Ẹ̀yin ará, èmi kò rí oorun sùn. Mo padà sínú Bíbélì. Mo rí Jóṣúà nígbà tí ó darúgbó (Jóṣúà 24). Ó pe gbogbo Ísírẹ́lì jọ, ó dárúkọ Térà, baba Ábúráhámù, ó ní àwọn ọlọ́run mìíràn ni ó sìn ní òdìkejì odò. Kò fi Térà pamọ́, kò sì bú u. Ó dárúkọ baba, ó sọ ohun tí baba sìn, lẹ́yìn náà ó sọ ẹni tí òun àti ilé òun yóò máa sìn. Ábúráhámù tí a ní kí ó jáde kúrò ní ilé baba rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí Ísáákì tó gbé ìyàwó, ilé náà ni ó ránṣẹ́ sí (Jẹ́nẹ́sísì 24), ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé kí a má mú ọmọ náà padà lọ gbé ibẹ̀.

Ibi tí ó dá mi dúró jù ni ti Náámánì (2 Àwọn Ọba 5). Lẹ́yìn tí ẹ̀tẹ̀ rẹ̀ ti mọ́, tí ó ti mọ Ọlọ́run òtítọ́, ó bẹ Èlíṣà: ọ̀gá òun máa ń fara ti ọwọ́ òun wọ ilé Rímónì, òun a sì tẹrí ba níbẹ̀, kí Olúwa jọ̀wọ́ dárí èyí ji òun. Èlíṣà kò kígbe mọ́ ọn. Ó ní kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Èmi kò wàásù lórí ẹsẹ yìí rí, àwọn tí mo mọ̀ náà kì í sábà fẹ́ kàn án. N kò sọ pé ó fún wa láyè láti da ọtí. Ṣùgbọ́n Náámánì kò sin Rímónì mọ́. Apá rẹ̀ ni ó yá ọ̀gá rẹ̀ lò. Èmi náà ìbá di apá baba yẹn mú dé ojú oórì, kí n dúró tì í, kí n sì sọ wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Bàbá, ẹ ṣe tiyín, ọtí yìí ni n kò ní fọwọ́ kàn. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà tèmi." Kí ni ìyẹn yóò gbà lọ́wọ́ mi?

Ẹnì kan lè sọ pé, bí aláìlera nínú ìgbàgbọ́ bá rí ọ níbẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù nìyẹn (1 Kọ́ríńtì 8), ó wúwo, n kò lè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun yóò ṣubú, kí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ wa rí lọ́jọ́ náà. Ó rí àgbàlagbà kan tí ó kọ ọtí, ìyẹn dára. Ó tún rí i tí ó dójú ti arúgbó ní iwájú ilé rẹ̀, èyí ni ó sì gbé padà lọ sí Faransé.

Ẹ rántí Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ibẹ̀ ni ó ti gba Jésù. Ó padà wá sí ilẹ̀ wa pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó ti di àlùfáà. Ní oṣù Kẹjọ 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ìyá náà kì í ṣe onígbàgbọ́. Ní 1848 ni ó tó ṣe ìrìbọmi, tí a sọ ọ́ ní Hánà. Ẹ ka àwọn oṣù tí ó wà láàárín. Ìyá ni ó kọ́kọ́ jẹ́ fún ọmọ rẹ̀, kí ó tó di ọmọ ìjọ. Crowther fúnra rẹ̀ kò sọ orúkọ Àjàyí nù títí ó fi kú.

Òun rí ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí a kó kọjá òkun kò rí ẹnikẹ́ni. Ní Ouidah lónìí, ní etí òkun, lẹ́bàá Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1995, ẹ ó rí ìdílé láti Amẹ́ríkà, láti Brazil, láti Martinique, baba, ìyá àti ọmọ, tí wọ́n dúró tí wọ́n ń sunkún. Ìjọba wa ṣe òfin ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 2024 pé ẹni tí ó bá ti pé ọdún 18, tí kò ní ìwé ọmọ ìlú ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn, tí ó sì lè fi hàn pé a kó baba ńlá òun lẹ́rú kúrò ní Áfíríkà, lè béèrè láti di ọmọ Benin. Ní Salvador, ní Bahia ti Brazil, àwọn ènìyàn wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọmọ Kétu, tí ilé ìsìn wọn kan sì ń jẹ́ Alákétu, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú wọn kò rí Kétu rí. Ní oṣù Kíní, àwọn obìnrin wọn a wọ aṣọ funfun (bẹ́ẹ̀ ni, funfun bíi tiwa), wọn a fi omi olóòórùn dídùn fọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kátólíìkì tí à ń pè ní Bonfim. Àwọn Àgùdà tí ó padà wá sí Àjàṣẹ́ náà gbé ọdún Bonfim yìí bọ̀ wálé. Èmi kò fara mọ́ àdàlù òrìṣà àti Jésù, mo sì ń sọ ọ́ gbangba. Ṣùgbọ́n a gba ilé lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyẹn, a gba orúkọ, orin àti ìsìn ni wọ́n fi rántí pé ibì kan wà tí wọ́n ti wá. Kí ni àwíjàre èmi, tí ilé mi kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ?

Ìrìn-àjò kan wà tí n kò ní gbè lẹ́yìn, ti àwọn tí ń wá ilé baba nítorí agbára, nítorí oògùn tàbí oyè. Àwọn wọ̀nyí kì í wá baba, ohun ìjà ni wọ́n ń wá. Ẹ yẹra fún wọn.

Lẹ́yìn Àjíǹde 2025 mo padà lọ, èmi, ìyàwó mi àti àbíkẹ́yìn wa. Baálé ti kú láti ìgbà òjò ọdún tó ṣáájú. Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní àwọn rò pé n kò ní wá.

Mo bọ́ bàtà mi, mo dúró ní ojú oórì rẹ̀, mo gbàdúrà. Ìyá àgbà náà ń ṣe àmín ju ìyàwó mi lọ. Nígbà tí ó yá, mo mú ìwé jáde, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n ki oríkì ilé wa, kí n lè kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọmọ náà ní Faransé. Wọ́n ń kì í, mo ń kọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí orúkọ Ògún wà, ọwọ́ mi dúró.

Ìyá ní, "Àbí mo ń yára jù ni?"

Mo ní, "Rárá, Ìyá. Ẹ máa kì í lọ." Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti wí i.