Ìwúre Lórí Kẹ̀kẹ́ Arọ Oníná

Olódùmarè, Ọba tó dá ẹsẹ̀, tó tún dá ọgbọ́n tí ń gbé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rìn, a júbà rẹ kí a tó fọwọ́ kan wáyà. Ìbà Ọbàtálá, alámọ̀ rere, tó mọ àkàndá ẹ̀dá tó sì sọ wọ́n di ẹni òrìṣà, kí ẹnikẹ́ni má baà fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Ìbà Ògún onírin, tó ni nọ́ọ̀tì, tó ni sípánà, tó ni irin gbígbóná tí a fi ń jó òjé mọ́ ẹnu wáyà.

Ìbà àwọn tó la ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Ìbà George Klein, ọmọ Kánádà, tó ṣe kẹ̀kẹ́ arọ oníná fún àwọn ọmọ ogun tí Ogun Àgbáyé Kejì gba ìrìn lọ́wọ́ wọn. Ìbà Ed Roberts àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn àkàndá ẹ̀dá tó dá ibùdó tiwọn sílẹ̀ ní 1972, tí títún kẹ̀kẹ́ ṣe sì wà lára iṣẹ́ ibẹ̀. Ìbà àwọn tó gbé pátákó Arduino jáde ní ìlú Ivrea, ní Ítálì, ní 2005, tí wọ́n ṣí àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, tí ọmọ tálákà fi ń kọ́ irin bí a ti ń gbọ́ràn. Ìbà yóò ṣẹ.

Ìwọ ọmọ mi tó tú kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ Ìyá wa yìí palẹ̀, tó fẹ́ sọ ògbólógbòó di ọ̀tun, orí rẹ á bá ọ ṣe é. Àwọn mìíràn a máa kọ́kọ́ tọrọ eré. Àwa tọrọ ìdúró ná. Bíréèkì kan wà nídìí motor kọ̀ọ̀kan: iná ló ń tú u sílẹ̀, bí iná bá ti já, sípíríngì inú rẹ̀ a fún un pa, kẹ̀kẹ́ a sì dúró gbọn-in. Má ṣe jẹ́ kí ìkánjú mú ọ yọ bíréèkì yẹn. Bí wáyà ọ̀pá ìdarí bá já lójijì, kí kẹ̀kẹ́ dúró. Bí kóòdù tó ń darí kẹ̀kẹ́ bá dákú lójú ọ̀nà, kí ẹ̀ṣọ́ inú pátákó rí i kíá, kí kẹ̀kẹ́ dúró. Bí wọ́n bá tan iná nígbà tí ọ̀pá ìdarí kò sí láàárín, kí kẹ̀kẹ́ kọ̀, kó má gbéra. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò dúró. Létí gọ́tà, yóò dúró. Níwájú dáńfó, yóò dúró. Àṣẹ.

Olódùmarè yóò ṣọ́ ọ lọ́wọ́ bátìrì. Bátìrì méjì, volt 12 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, la máa ń so pọ̀ di 24. Kì í gbọnni jìgìjìgì bí iná NEPA, àmọ́ bí sípánà bá bọ́ lé ẹnu rẹ̀ méjèèjì, irin á pọ́n kí a tó ṣẹ́jú. Sípánà kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. O ò ní gbàgbé fíúsì, ẹ̀bá ẹnu bátìrì gan-an ni o óò fi í sí. Bí o bá pààrọ̀ bátìrì olójé sí lithium, tí o to sẹ́ẹ̀lì LiFePO4 mẹ́jọ, volt 3.2 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó di 25.6, o óò rí owó ra BMS tí yóò máa ṣọ́ wọn, àti ṣájà tó bá wọn mu. Bí wọ́n bá mú iná lọ, sólà orí òrùlé kò ní jẹ́ kí ìyá wa há sílé. Àṣẹ.

Ọmọ mi, kí etí rẹ yá ju ọwọ́ rẹ lọ. Ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ló ni kẹ̀kẹ́. Ohun tí wọ́n bá béèrè ni kí o fi kún un. Bí ọwọ́ wọn bá ń gbọ̀n, kí kóòdù rẹ sẹ́ ìgbọ̀n dànù, kó gbọ́ ibi tí wọ́n ń lọ. Bí ọwọ́ kò bá ṣeé gbé, kí àgbọ̀n wọn tàbí èémí ẹnu wọn darí kẹ̀kẹ́. Kí aago kékeré máa rán wọn létí, bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 bá ti kọjá, láti sún ara díẹ̀, kí egbò ìjókòópẹ́ má mọ̀ wọ́n. Kí iná ẹ̀yìn máa tàn lálẹ́, kí fóònù máa gba iná lára kẹ̀kẹ́, kí ìpè wọn má bàa já lọ́nà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó jókòó lé e, gbé e lé bíríkì, kí táyà yí lófuurufú, kí o rí i pé ó ń gbọ́ ọ. Àṣẹ.

Ẹ̀yin Ìyá wa tí kẹ̀kẹ́ yìí jẹ́ tiyín, ẹ óò gùn ún pẹ́. Ẹ óò dé ọjà, ẹ óò fúnra yín yan ata. Ẹ óò dé ibùdó ìdìbò, ẹ ò ní fi ìbò rán ẹlòmíràn. Òfin tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 fún àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti la ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ yín lè gbà wọlé. Ọdún ti pé. Olódùmarè yóò rọ ọkàn àwọn tó ni báńkì, ilé ìwé àti ilé ẹjọ́, ọ̀nà yín yóò là.

Ní 2022, ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ arọ oníná fún oníkẹ̀kẹ́ ní ìwé àlàyé, ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ àti irinṣẹ́ tí yóò fi tún un ṣe. Irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò dé ilẹ̀ wa. A ò ní máa tọrọ kọ́kọ́rọ́ ohun tí a fi owó wa rà.

Ọmọ mi, kọ ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan ń lọ sínú ìwé, fi lé Ìyá lọ́wọ́. Bí o bá lọ sí ìdálẹ̀, rìwáyà mìíràn yóò kà á, yóò sì tún un ṣe, Ìyá kò ní dúró dè ọ́. Ìmọ̀ rẹ kò ní bá ọ wọlẹ̀. Ọwọ́ rẹ kò ní jó nínú iná, ojú rẹ kò ní fọ́ nídìí iṣẹ́ àánú. Ibi tí Ìyá bá ní àwọn ń lọ, ibẹ̀ náà ni kẹ̀kẹ́ yóò gbé wọn dé, láyọ̀ àti láìléwu.

Bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Àṣẹ, àṣẹ, àṣẹ.