Ṣé Ẹni tí ó Takò Wá ni Ọ̀tá Wa?

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń bi ara wọn léèrè bóyá ọ̀tá ni ẹni tí ó bá ń takò wọ́n. Ọ̀pọ̀ olórí ni ó ń fi ìwà dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá ilé-ìwé a máa bínú sí olùkọ́ tí ó mú èrò mìíràn wá sí ìpàdé; baálé ilé a sì máa pa àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Lójú irú wọn, ibi tí gbogbo ẹnu bá ti dákẹ́ ni àlàáfíà wà. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí sí nǹkan mìíràn.

Àwọn ohun tíntìntín tí à ń pè ní ẹ́ńsáìmù ni ó ń mú kí iṣẹ́ inú ara yá. Ẹni tí ó bá ń jẹ iṣu ní àjẹpẹ́, tí kò tètè gbé e mì, yóò rí i pé ó ń dùn díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu. Ẹ́ńsáìmù inú itọ́ ni ó ń sọ ọ́ di ṣúgà. Ẹ́ńsáìmù kì í run sínú iṣẹ́ rẹ̀; bí ó bá ti parí ọ̀kan, yóò bọ́ sí òmíràn. Síbẹ̀, ó ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nínú ara tí ó wà ní nǹkan bí 37°C ni ti ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ dáradára. Bí ooru bá pọ̀ jù, yóò bàjẹ́, bí ẹyin tí a ti sè kò ti lè padà di tútù.

Ta ni ó wá ń ṣọ́ ìwọ̀n yìí? Claude Bernard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣàlàyé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún pé ara a máa pa inú rẹ̀ mọ́ ní ipò kan náà bí ìta tilẹ̀ ń yí padà. Ní 1926, Walter Cannon ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà pe ìṣe yìí ní homeostasis. Kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ ni ara fi ń ṣe é, àtakò ni. Bí ènìyàn bá jẹun tán, tí ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpòlúkù a tú ínsúlíìnì jáde, èyí tí ń pàṣẹ pé kí a kó ṣúgà pamọ́. Bí ebi bá dé, ẹ̀yà ara kan náà a tú glucagon jáde, èyí tí ń pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ pé kí ó kó o síta. Àṣẹ méjèèjì takora, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kan náà ni wọ́n ń dá sí.

Bí a bá pa ọ̀kan lẹ́nu mọ́ ńkọ́? Ọmọ tí ínsúlíìnì rẹ̀ bá tán yóò máa jẹun, yóò sì máa rù. Láyé àtijọ́, ikú ni òpin rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 1922, ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, wọ́n fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ní ínsúlíìnì. Ó sì tún lo ọdún mẹ́tàlá láyé. Bẹ́ẹ̀ ni àpọ̀jù ínsúlíìnì náà lè pa ènìyàn.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀yà ara kò ní èrò, kò sì mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Báwo ni yóò ṣe kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìwà? Òótọ́ ni. Kì í ṣe gbogbo àtakò ni ó dára. Jẹjẹrẹ náà ń takò ara, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ nìkan ni ó ń bọ́. Nítorí náà, ohun méjì ni ó yẹ kí a wò lára ẹni tí ó takò wá: ṣé ire ilé kan náà ni ó ń wá? Ṣé ó mọ ìwọ̀n? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, alábàáṣiṣẹ́ ni, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ korò.

Ọwọ́ olùkọ́ ni ẹ̀kọ́ yìí wà jù. Ọmọ tí ó nawọ́ sókè láti bi í pé “Kí ló dé tí ó fi rí bẹ́ẹ̀?” lè dà bí aláìgbọràn. Kí olùkọ́ tó nawọ́ mú pàṣán, kí ó kọ́kọ́ fi ohun méjì wọ̀nyí wọn ọ̀rọ̀ ọmọ náà.