Owó Ilé Tàbí Owó Ọ̀nà?

Ìbéèrè kan wà tí àwa Yorùbá kì í ní sùúrù láti dáhùn: ṣé dandan ni kí ènìyàn kọ́lé? Bí a bá gbé ìbéèrè yìí ka iwájú àgbàlagbà kan, yóò kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó bi í, kí ó lè mọ̀ bóyá ara rẹ̀ yá. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Inú ilé ni àwọn baba wa ń sin òkú wọn sí, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá jogún ilé jogún sàréè pẹ̀lú. Ẹni tó jẹun kánú, tó wọṣọ, tó tọ́mọ yanjú, ṣùgbọ́n tí kò kọ́lé títí ọlọ́jọ́ fi dé, àwọn ènìyàn yóò mi orí níbi ìsìnkú rẹ̀, wọn yóò ní ọ̀rọ̀ ọ̀hún kù síbì kan.

Síbẹ̀, ìgbé ayé wa kò fi bẹ́ẹ̀ bá ọ̀rọ̀ ẹnu wa mu. Ẹ jẹ́ kí á mú ilẹ̀ Ìbàràpá ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú méje ni wọ́n ń kà níbẹ̀: Igbó-Ọrà, Erúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣayé, bàrà tí í ṣe irú ẹ̀gúsí kan sì gbajúmọ̀ níbẹ̀ débi pé àwọn kan gbà pé láti ara rẹ̀ ni orúkọ ilẹ̀ náà ti wá. Àgbẹ̀ Ìbàràpá tó mú iṣẹ́ rẹ̀ lọ́kùn-únkúndùn ní ilé nígboro, ó sì ní ahéré lóko. Ní àkókò iṣẹ́, ahéré ló ń sùn. Ibẹ̀ ni ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni adìyẹ rẹ̀ ń yé sí. Ọdún, òkú, ìgbéyàwó, ìpàdé ẹbí àti ọjọ́ ọjà ló ń gbé e wálé. Bí a bá ka iye òru tó ń sùn níbi méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí ti oko pọ̀ ju ti ilé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ibi tí ilé rẹ̀ wà, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kí ó tó dá yín lóhùn pé ó wà nígboro. Kí ló fi mọ̀? Kì í ṣe òru ló kà. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá yọjú lọ́jọ́ ìpàdé, ẹnì kan yóò béèrè òun. Èmi kò tíì rí ìtumọ̀ ilé tó yé mi ju ìyẹn lọ.

Ohun tó mú mi máa ro ọ̀rọ̀ yìí ni ti ojúlùmọ̀ mi kan, ọmọ Erúwà, tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti wà ní Amẹ́ríkà. Ó ń múra àtifẹ̀yìntì. Èrò rẹ̀ ni pé kí òun ta ilé òun, kí òun ra ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ńlá tí ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà nínú wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní RV lọ́hùn-ún, kí òun àti ìyàwó òun máa gbé inú rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́, kí wọ́n máa lé ooru kiri láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlá lásán. Ọdún keje rèé tó ti ń tọ́jú owó. Ó fi ìṣirò rẹ̀ hàn mí. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó adójútòfò, epo, táyà, owó ibùdó tí wọn yóò máa gbé ọkọ̀ sí lálẹ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àti owó kan tó yà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá dá wọn dúró sójú ọ̀nà. Ó mọ̀ pé ilé a máa gbówó lórí sí i, ṣùgbọ́n iye owó ọkọ̀ a ti máa lọ sílẹ̀ láti ọjọ́ tí a bá ti rà á. Nítorí náà ló ṣe ti ń fi iye tí wọn yóò máa ná nígbà náà gbọ́ bùkátà láti ìsinsìnyí, kí ó lè mọ̀ bóyá yóò tó wọn. Wọ́n ti háyà irú ọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì láti fi dán an wò. Mo kan sáárá sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ronú tó bẹ́ẹ̀ kí a tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀.

Nígbà tí ìròyìn náà dé Erúwà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ: "Ṣé Bòròró ló wá fẹ́ dà ni?"

Ẹ̀gàn ni ẹ̀gbọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe, ẹ̀gàn náà sì wúwo. Ṣùgbọ́n kí a tó gbè sẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á wo àwọn ilé tí owó òkè òkun kọ́ káàkiri àwọn ìlú wa: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, géètì onírin, tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan ni ẹni tó ni ín ń sùn níbẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún. Ewúrẹ́ ló ń jẹ̀gbádùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn fi ogún ọdún fi ẹnu pọ́n ọmọ rẹ̀ lójú nílùú òyìnbó kí irú ilé bẹ́ẹ̀ lè dúró, ìgbà tó parí ni òun náà kú. Bí ó bá jẹ́ pé irú èyí ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí àbúrò kọ́, n kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni kò tíì gbọ́ nípa Alájọ Ṣómólú, tí wọ́n ní ó ta mọ́tò ó fi ra kẹ̀kẹ́? Àwọn ènìyàn ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí dòní. Lójú tèmi, ẹni tó ń gba àjọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ nínú kọ̀rọ̀ àdúgbò ra ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ ni. Kò sí òfin tó ní ohun tó tóbi ló gbọ́dọ̀ wu ènìyàn.

Ẹ̀rù tó ń bà mí lórí ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó wu láti máa gbé inú ọkọ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ayé tì síbẹ̀. Ní 2017, oníròyìn kan tó ń jẹ́ Jessica Bruder gbé ìwé kan jáde, Nomadland, lórí àwọn àgbàlagbà tí owó ọwọ́ wọn kò ká owó ilé mọ́, pàápàá lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 2008. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé, tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ onígbà díẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn: wọ́n ń di ẹrù ní ilé ìkẹ́rù Amazon bí Kérésìmesì bá ń bọ̀, wọ́n ń tọ́jú ibùdó ìgbafẹ́ nígbà ooru. Àti ẹni tó wu, àti ẹni tí wọ́n tì, nǹkan kan pa wọ́n pọ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, tó fẹ́ san owó orí, tó fẹ́ dìbò, ìjọba yóò ní kí ó mú àdírẹ́sì wá. Ìjọba kò gbà pé ojú ọ̀nà ni ènìyàn ti wá. Ọ̀pọ̀ wọn a yan South Dakota, Texas tàbí Florida, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ kan ti ń bá wọn gba lẹ́tà, tí wọ́n sì ń gba owó lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà kò bá yọjú fún ọdún kan, kò sí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀ níbẹ̀, àfi bí owó rẹ̀ bá tán.

Ní ilẹ̀ tiwa, a ti rí ẹni tó fi ojú ọ̀nà ṣe ilé, tó sì gbayì. Láti 1945 tí Hubert Ògúndé ti dá ẹgbẹ́ eré rẹ̀ sílẹ̀, inú ọkọ̀ ló fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Ìlú dé ìlú ni wọ́n ń lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ló jẹ́ òṣèré inú ẹgbẹ́, àwọn ọmọ náà sì ń bá wọn ṣeré. Kò sí ẹni tó pè é ní aláìnílé. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ọmọ Òṣoṣà ni, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1916, ibẹ̀ náà ló sì gbé iṣẹ́ fíìmù rẹ̀ lọ nígbà tó dàgbà. Nígbà tó kú ní 1990, a mọ ibi tó yẹ kí a gbé òkú rẹ̀ lọ.

Wàyí o, Bòròró tí ẹ̀gbọ́n fi ṣe òdiwọ̀n àìnílé, n kò rò pé ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn Fúlàní ti pẹ́ ní Ìbàràpá. Gáà ni wọ́n ń gbé, ọ̀pọ̀ gáà ló sì ti wà lójú kan láti ìgbà àwọn baba wọn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ni yóò da màlúù lọ síbi tí omi àti koríko bá kù sí, létí odò Ògùn tàbí Ọ̀fikì. Àwọn àgbà, ìyàwó àti ọmọdé yóò dúró sí gáà, àwọn obìnrin yóò máa se wàrà, wọn yóò máa gbé e wá sọ́jà. Ẹran ló ń rìn, ilé dúró. Òmíràn nínú wọn tí wọ́n bí síbẹ̀ gbọ́ Yorùbá dénú ju ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń kọ́ lọ.

Ọgbọ́n ìfowópamọ́ wọn ló yẹ kí ojúlùmọ̀ mi kọ́. Màlúù ni báńkì wọn, ọmọkùnrin a sì máa ní abo màlúù tirẹ̀ láti kékeré, kí agbo tirẹ̀ lè bá a dàgbà. Ṣùgbọ́n wọn kì í kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní apá Niger, àṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní habbanae: ẹnì kan yóò yá ẹnì kejì ní abo màlúù, ẹni tó gbà á yóò tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi bímọ méjì tàbí mẹ́ta, àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò di tirẹ̀, yóò sì dá ìyá padà. Bí ọ̀dá tàbí àrùn bá pa agbo ẹni tó yáni run, ìyá màlúù tó wà níbòmíràn ṣẹ́kù fún un, ẹni tó sì jàǹfààní rẹ̀ mọ̀ pé òun jẹ gbèsè oore. Àwọn ìyá tiwa náà a máa fi ewúrẹ́ fún ara wọn sìn, kí wọ́n jọ pín ọmọ rẹ̀. Ní Ìbàràpá gan-an, àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ní màlúù a máa fi í sọ́wọ́ Fúlàní, Fúlàní yóò máa dà á, wàrà rẹ̀ yóò sì jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń rìn fi nǹkan sọ́wọ́ ẹni tó dúró, ẹni tó dúró náà fi nǹkan sọ́wọ́ ẹni tó ń rìn.

N kò ní ṣe bí ẹni pé irú owó bẹ́ẹ̀ kì í sọnù. Ìjínigbé àti ìpànìyàn gba Ìbàràpá kan, ẹ̀rù wá ń ba àgbẹ̀ láti sùn ní ahéré rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2021, Sunday Adéyẹmọ tí wọ́n ń pè ní Ìgbòho wá sí Ìgàngàn, ó fún àwọn Fúlàní ní gbèdéke ọjọ́ méje. Kí oṣù náà tó parí, ilé Sàríkí Fúlàní ibẹ̀ ti jóná, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ti sá lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngàn lóru, wọ́n pa ènìyàn tó lé ní mẹ́wàá, iná sì jó ààfin. Ẹni tó ṣe ibi wà níbẹ̀, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ jù ú lọ, nínú onílé àti nínú àlejò. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ni wọ́n ná tán láàárín oṣù díẹ̀.

Kí a má sì gbàgbé pé àwa náà ti jẹ irú rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò níwèé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àìmọye Yorùbá, pàápàá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti apá Òkè-Ògùn, fi ìsọ̀ àti owó àwìn sílẹ̀ níbẹ̀. Àpò owó kò bá ọ̀pọ̀ wọn délé. Ẹni tó ti ń ránṣẹ́ sílé láti ìgbà pípẹ́, tó ń dá owó òrùlé, tó ń dá owó ìsìnkú, rí ibi tó máa sọ ẹrù kalẹ̀ sí. Ẹni tí kò ṣe é di àlejò nílùú ara rẹ̀.

Mo padà sí ìṣirò ojúlùmọ̀ mi, mo wá ìlà kan títí, n kò rí i. Kò sí owó ẹgbẹ́ ọmọ Erúwà níbẹ̀. Kò sí owó ọkọ̀ òfúrufú bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá kú. Kò sí ohun kan fún ọmọ ẹ̀gbọ́n tó wà nílé ẹ̀kọ́. Bí ọ̀kan nínú tọkọtaya náà bá sì lọ sínú ọkọ̀ yẹn lóru, ẹni tó ṣẹ́kù, níbo ni yóò wà á lọ? Mo kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fèsì pé bí òun bá fi gbogbo ìyẹn kún un, yóò sún ọjọ́ ìrìnàjò síwájú ní ọdún méjì, òun kò sì mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òun yóò ṣì lágbára láti máa tẹ bíréèkì nígbà náà. Òótọ́ ni. Ìnira ni mo ní kí ó gbà, n kò sọ pé kì í ṣe ìnira.

Ẹ̀gbọ́n náà ní ìṣirò tirẹ̀ láti ṣe. Ó ń bínú pé àbúrò kò kọ́lé, ṣùgbọ́n yàrá tí àbúrò ń sùn kí ó tó rìnrìn àjò, nínú ilé baba wọn, àpò àgbàdo ni ẹ̀gbọ́n tò kún inú rẹ̀, páànù orí rẹ̀ sì ti lu. Bí àbúrò bá wálé lónìí, hòtẹ́ẹ̀lì ni yóò sùn.