Ilé Kejì: Ta Ni A Ń Rà Á Fún?

 

Gbogbo wa la mọ lékèélékèé. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé, ẹyẹ funfun náà yóò dé, yóò máa tẹ̀ lé màlúù kiri pápá. Nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, a kò ní í rí i mọ́. Ó ti gba ọ̀nà òkè Ọya lọ. Nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, bí agbo lékèélékèé bá kọjá lórí iléèwé, àwọn ọmọ a pa ẹ̀kọ́ tì, wọn a na ọwọ́ sókè pé kí ó sọ èékánná àwọn di funfun. Kò sí ẹni tí ó ń bi ẹyẹ náà pé èwo gan-an ni ilé rẹ̀ nínú méjèèjì.

Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn àgbàlagbà kan wà tí wọ́n ń ṣe bí ẹyẹ yìí. Ẹyẹ òjò-dídì ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń pè wọ́n. Bí òtútù bá dé, wọn a sá lọ sí Florida tàbí Arizona níhà gúúsù. Bí ìgbà ooru bá dé, wọn a padà sí àríwá. Ooru Florida nínú oṣù keje àti oṣù kẹjọ kì í ṣe ohun tí arúgbó ń bá ṣeré. Ìgbà ìjì líle níbẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, ó di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá kí ó tó parí. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, ìjì tí wọ́n sọ ní Ian ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé jẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti fẹ̀yìn tì tí agbára rẹ̀ sì ká a, a máa wá ilé kékeré kan sí àríwá fún ìgbà ooru.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá. Arábìnrin wa kan, tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa kí ó tó lọ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, kọ lẹ́tà sí wa. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, Florida ni wọ́n sì ń gbé. Wọ́n fẹ́ ra ilé ìgbà ooru sí Michigan, wọ́n ti rí méjì. Ọ̀kan wà létí adágún láàárín igbó. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, owó rẹ̀ kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yóò rin wákàtí kan gbáko kí ó tó dé ilé ìwòsàn. Èkejì wà nínú ìlú kékeré kan. Ó há, ilé sún mọ́ ilé, ṣọ́ọ̀ṣì sì wà ní ìkòríta. Ọkọ fẹ́ ti etí adágún, ìyàwó fẹ́ ti inú ìlú. Ó ní kí àwa bá òun rò ó, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ di ìjà.

A gbé e wá sí ìpàdé, ẹnu wa kò sì kò. Ìyá kan ní, kí ni a tún ń rò? Owó òógùn wọn ni. Ọkọ tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe iṣẹ́ òru, ẹ jẹ́ kí ó lọ sinmi níbi tí ó wù ú. Ìyá kejì ní ilé kan tó Kristẹni. Ilé tí a ó tì pa fún oṣù mẹ́fà nígbà tí ẹlòmíràn ń sùn síta, báwo ni a ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ níwájú Ọlọ́run? Ẹ̀kẹta ní kí wọ́n kó lọ bá ọmọ wọn, ṣebí ọmọ ni ilé àgbà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní òtítọ́ lẹ́nu. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a fara balẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

ỌRỌ̀ ARA ÀTI TI ÀPÒ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti ara. Ilé ìgbà ooru kì í ṣe ohun tí a rà tán tí a sì gbàgbé. Ní àríwá, bí a bá fi omi sílẹ̀ nínú páìpù nígbà òtútù, tí kò sì sí ohun tí ń mú ilé gbóná, omi náà yóò dì, páìpù yóò sì bẹ́. A gbọ́dọ̀ fa gbogbo omi kúrò kí a tó ti ilẹ̀kùn. Owó orí ilé di méjì, owó ìnṣọ́ránsì di méjì.

Ìjọba pẹ̀lú yóò béèrè pé èwo ni ilé ẹni gan-an. Florida kì í gba owó orí lórí owó tí ń wọlé fún ènìyàn, ṣùgbọ́n Michigan ń gbà á. Ní New York, ẹni tí ó ní ibùgbé tí kì í ṣe ti ìgbà díẹ̀ níbẹ̀, tí ó sì lò ju ọjọ́ 183 lọ nínú ọdún, wọ́n lè kà á sí ará ibẹ̀ fún owó orí. Ní Ontario ní Kánádà, ẹni tí kò bá gbé ibẹ̀ tó ọjọ́ 153 nínú oṣù méjìlá lè pàdánù ètò ìtọ́jú ìlera ìjọba. Ní Amẹ́ríkà, Medicare ti ìjọba fúnra rẹ̀ ń bá àgbà dé ìpínlẹ̀ gbogbo. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ètò tí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ń ṣe lábẹ́ rẹ̀ ní àwọn dókítà tiwọn ní àdúgbò kan, wọn kì í sì í fẹ́ kí ènìyàn lọ sí ibòmíràn. Kí àgbà béèrè èyí kí ó tó san kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ ọlọ́gọ́ta ọdún lè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ sí yàrá lálaalẹ́. Ṣé ti ọlọ́gọ́rin ọdún yóò gùn ún? Ẹni tí ń wa mọ́tò lónìí, ojú lè sọ pé ó tó lọ́la. Ẹni tí ó bá ń ra ilé ní ọjọ́ ogbó kò gbọdọ̀ rà á fún ara tí ó ní lónìí nìkan.

ÀWỌN BABA WA ÀTI ÌLÚ ÌGBÀ OORU

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa Mẹ́tọ́díìsì. Ní 1835, àwọn Mẹ́tọ́díìsì bẹ̀rẹ̀ sí pàgọ́ nígbà ooru ní erékùṣù Martha's Vineyard ní Massachusetts láti gbọ́ ìwàásù. Ní 1869 wọ́n tẹ Ocean Grove dó ní New Jersey, ní 1873 Lakeside ní Ohio, ní 1875 Bay View ní Michigan. Nígbà tí ó yá, ọ̀pọ̀ àgọ́ di ilé pákó kéékèèké, wọ́n sì sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan kò lè húkọ́ kí ará ilé kejì má kí i. Ní Ocean Grove, àgọ́ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ṣì wà di òní tí àwọn ènìyàn ń gbé nígbà ooru. Ní Ocean Grove àti ní Bay View, ẹgbẹ́ ló ni ilẹ̀. Ilé orí rẹ̀ nìkan ni ti ẹni tí ó rà á. A rí ẹ̀kọ́ níbẹ̀, nítorí àlejò ni gbogbo wa lórí ilẹ̀ Ẹlòmíràn.

Èyí tí ó dùn mọ́ àwa olùkọ́ nínú jù ni Chautauqua ní New York. Lewis Miller àti John Heyl Vincent, Mẹ́tọ́díìsì méjèèjì, dá a sílẹ̀ ní 1874 láti kọ́ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ní 1878 wọ́n dá ẹgbẹ́ ìwé kíkà sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá, kí wọ́n lè máa kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé. Níbẹ̀ náà ni àwọn obìnrin ti pète nígbà ooru 1874 ohun tí ó di Woman's Christian Temperance Union ní oṣù kọkànlá ọdún náà, láti bá ọtí àmujù jà. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tí ó lọ síbẹ̀ lọ sinmi, wọ́n sì rí iṣẹ́ ṣe.

Ṣùgbọ́n a kò ní í fi apá kan ìtàn pamọ́ nítorí pé ti ilé wa ni. Ní 1942, Bay View kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé aláwọ̀ funfun tí ó jẹ́ Kristẹni nìkan ló lè di ọmọ ẹgbẹ́. Ó di 1959 kí wọ́n tó pa ti àwọ̀ rẹ́. Ti pé kí ènìyàn jẹ́ Kristẹni kí ó tó lè ní ilé níbẹ̀ wà títí di 2019, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti dé kóòtù. Níbo ni àwọn aláwọ̀ dúdú wá ń lọ nígbà ooru? Ní 1912, Idlewild bẹ̀rẹ̀ ní Michigan kan náà, ó sì di ìlú ìsinmi tiwọn. Ní ọdún náà gan-an ni ilé àlejò Shearer Cottage ṣí ilẹ̀kùn fún wọn ní Martha's Vineyard. Lẹ́yìn òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ti 1964, tí ilẹ̀kùn ibòmíràn ṣí, èrò Idlewild dín kù. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ilé lè dára, kí orin ìsìn máa dún ní àdúgbò rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ògiri ni a fi ọgbà rẹ̀ ṣe sí ọmọnìkejì.

KÍ NI KÁ ṢE?

A padà sí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá mẹ́ta. Ẹni tí ó ní kí wọ́n sinmi sọ òótọ́. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló dá ọjọ́ ìsinmi, ọkọ arábìnrin wa kò sì ṣẹ̀ bí ó bá ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ lẹ́yìn ariwo ẹ̀rọ ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n ìsinmi yàtọ̀ sí ìfarapamọ́. Ẹni tí ó ní kí wọ́n kó lọ bá ọmọ náà kò jayò pa, àmọ́ ọmọ òde òní lè gba iṣẹ́ ní ìlú mìíràn ní ọdún tí ń bọ̀. Ṣé àgbà yóò máa kó ẹrù tẹ̀ lé e ni?

Ti ẹni kejì ló dà wá láàmú jù, èyí tí ó sọ̀rọ̀ ilé títì pa. Ó rán wa létí obìnrin ará Ṣúnémù inú Ìwé Àwọn Ọba Kejì. Òun pẹ̀lú ní àyè ju èyí tí ó ń lò lọ. Yàrá kékeré kan ló kọ́ sórí ilé, ó gbé ibùsùn, tábìlì, àga àti fìtílà sínú rẹ̀, ó ní kí èèyàn Ọlọ́run máa wọ̀ síbẹ̀ bí ó bá ń kọjá. A kò rí ibi tí a ti bá a wí pé ó kọ́ yàrá tí òun fúnra rẹ̀ kò sùn sí. Nítorí náà, a kò lè sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ilé kejì. Ohun tí a lè béèrè ni pé, ta ni àga inú rẹ̀ wà fún? Bí ọmọ ìjọ tí àrùn dá gúnlẹ̀ kò bá lè wá gba atẹ́gùn níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, bí opó àdúgbò kò bá lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ilé náà ti dín kù sí àpótí tí a kó owó sí.

Ẹ má jẹ́ kí a máa wo ará òkèèrè nìkan. Ẹ wo àwọn ilé ńláńlá tí àwa náà kọ́ sí ìlú baba wa, tí a ń ṣí ní Kérésìmesì àti ọjọ́ òkú, tí aláǹgbá ń jẹ̀ nínú rẹ̀ ní ìyókù ọdún. Ẹ wo àwa tí à ń lọ bá ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù fún oṣù mẹ́fà. Nílé wọn a ní àlejò ni wá níbẹ̀, nígbà tí a bá sì dé a ní ó ti rẹ̀ wá. Oṣù méjìlá a pé, a kò ní kíláàsì kankan. Ìlú tí a bá ń gbé là ń ṣe. The United Methodist Church tilẹ̀ ní ètò tí ẹni tí ó ń gbé ibòmíràn fún ìgbà pípẹ́ lè fi darapọ̀ mọ́ ìjọ ibẹ̀ láìfi ti ilé sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìdajì ọdún gbé ibì kan, kí ó fi odindi ara rẹ̀ gbé e.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó wúwo lẹ́nu. Tọkọtaya kì í sábà lọ lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí ọlọ́jọ́ bá dé, ọ̀kan yóò kù nínú ilé tí wọ́n jọ yàn. Ìdákẹ́jẹ́ tí ó dùn fún ẹni méjì lè di ẹ̀rù fún ẹnì kan. Àwa tí a jẹ́ opó láàárín yín mọ ohun tí a ń sọ. Kì í ṣe ẹwà adágún ni a rántí lóru ọjọ́ náà. Ohùn tí ó dáhùn láti ojúlé kejì ni.

Nítorí náà, a fèsì sí arábìnrin wa báyìí: Ẹ má tíì ra èyíkéyìí. Ẹ háyà ilé inú ìlú fún ìgbà ooru kan, kí ẹ sì máa lọ sí etí adágún lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kí ọkọ yín lè rí ìdákẹ́jẹ́ tirẹ̀. Ẹ má fi ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, òun náà ti ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì bi ara yín: bí ó bá ku ẹnì kan nínú wa, èwo nínú ilé méjèèjì ló lè gbé?

Ó ti kọ̀wé padà. Ó ní nígbà tí òun ka ìbéèrè ìkẹyìn náà sókè, ọkọ òun dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó sì jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí ó wọlé, ó ní kí àwọn háyà ti inú ìlú, kí àwọn sì bi onílé bóyá yàrá kẹta wà fún àlejò. A kò tíì mọ èyí tí wọn yóò rà.

Fún ìpàdé kíláàsì: Ilé tàbí yàrá wo ni a tì pa? Ta ni a lè ṣí i fún kí ọdún yìí tó parí?

Kí Olúwa tí kò ní ibi tí yóò gbé orí rẹ̀ lé nígbà tí ó wà láyé fún wa ní ilé, kí ó sì fún ilé wa ní ilẹ̀kùn tí ń ṣí. Àmín.