Ìbéèrè Ni Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Lójú Ifá, ẹni tó kọ́kọ́ dé ibi kan kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ẹni tó béèrè ni. Ògúndá Méjì ló sọ ìtàn Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, tí wọ́n ń lọ yan orí, ìyẹn ìpín wọn, nílé Àjàlá tó ń mọ orí, kí wọ́n tó wá sáyé. Àwọn méjì tó kánjú dé ibẹ̀, wọn ò bi Àjàlá léèrè, wọ́n mú èyí tó wù wọ́n, òjò sì ba orí wọn jẹ́ lójú ọ̀nà. Afùwàpẹ́ yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀, wọ́n dá Ifá fún un, ó rúbọ. Owó tí wọ́n fún un níbi ẹbọ náà ló fi yanjú gbèsè Àjàlá, Àjàlá fúnra rẹ̀ ló sì bá a yan orí rere. Ẹni tó kẹ́yìn ló ní ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ìtàn Èkó náà fi hàn pé ó yẹ ká bi onílẹ̀ léèrè. Wọ́n ní orí oko ata Àrómirẹ́ ni Ìgà Ìdúngànràn, ààfin ọba, wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àrómirẹ́ àti àwọn Ìdẹ́jọ yòókù, olóyè onífìlà funfun, ni onílẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Ògọ́ọ̀sì 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun halẹ̀ mọ́ Ọba Dòsùmú títí ó fi tọwọ́ bọ ìwé pé Èkó di tiwọn. Ohun tí wọ́n fi ipá bẹ̀rẹ̀ kò fìdí múlẹ̀ tán. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, pe ẹjọ́ títí dé ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921, ilé ẹjọ́ náà ní ìwé 1861 kò gba ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹbí àti ará ìlú tó ni ín, owó ilẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ pé.

Ẹnìkan lè ní òfin ló yanjú ẹjọ́ yìí, kì í ṣe Ifá; àti pé bí ìpilẹ̀ṣẹ̀ bá lágbára tó báyìí, kí la tún ń ṣiṣẹ́ sí? Ifá ti dáhùn. Ó ní gbogbo orí péjọ, wọ́n gbìmọ̀ láìpe Ẹsẹ̀, ìmọ̀ràn wọn kò sì ṣẹ: orí láìsí ìrìn kò tó. Ẹ̀tọ́ Olúwa ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n bí òun àti Herbert Macaulay, olóṣèlú Èkó, kò bá gbéra lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ẹ̀tọ́ náà ì bá jókòó lásán. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dá ilé, ẹgbẹ́ tàbí ìjọba sílẹ̀ lónìí, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn tó bá níbẹ̀ léèrè, kí ó san ohun tó tọ́ sí wọn, kí ó sì múra ìrìn.