Ta Ló Kọ́ Ológbò Níwà?

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí ológbò bá fi èékánná ya èèyàn, ta ni ká dá lẹ́bi?

Ìbéèrè yìí ò ṣàdédé wá. Ní sáà tó kọjá, èkúté ò jẹ́ ká sinmi ní yàrá wa. Wọ́n jẹ gaàrí, wọ́n jẹ búrẹ́dì, wọ́n tún jẹ ìwé tí mo ń kọ ewì sí. Ológbò ìyá oníbúkà tó wà lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì bí ọmọ méjì. Látìgbà tí wọ́n ti lajú ni ọmọbìnrin ìyá náà ti ń gbé ọ̀kan kiri bí ọmọ ọwọ́. Ìkejì wà lẹ́yìn igi ìdáná, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n tó nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ìkejì yìí ni wọ́n fún mi. Mo ní, "Ológbò ṣáà ni ológbò."

Kò jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lójú wa rí. Tí mo bá nawọ́ sí i, á ṣe fùú bí ejò. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ya mí lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ní, "Àbí mi ò sọ fún ẹ? Ẹran àjẹ́ ni!" Inú bí mi, mo fi ìgbálẹ̀ nà án, mo lé e síta nínú òjò.

Lọ́jọ́ kejì, mo dé búkà, mo rí ọmọ ìyá rẹ̀ tó ń sùn lórí itan ọmọbìnrin yẹn. Ariwo àwọn oníbàárà ò tu irun kan lára rẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wọn. Àjẹ́ wo ló wá mú ọ̀kan tó fi ìkejì sílẹ̀?

Mo lọ wádìí. Láwọn ọdún 1980, Eileen Karsh ti Yunifásítì Temple ní Amẹ́ríkà rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje ni ọmọ ológbò ń mọ èèyàn lẹ́ni tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gbé fún 40 ìṣẹ́jú lóòjọ́ sún mọ́ èèyàn ju èyí tí wọ́n ń gbé fún 15 lọ. Ní 1995, Sandra McCune fi hàn pé bàbá náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí: ọmọ ológbò tí bàbá rẹ̀ láyà ń láyà, bẹ́ẹ̀ akọ ológbò kì í báni tọ́mọ.

Nítorí náà, àyànmọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé náà wà níbẹ̀. Nínú méjèèjì, èwo ni ológbò mi yàn?

Ibi tó ti dùn mí nìyí. Arákùnrin kan wà ní ẹ̀ka wa tí kì í kíni, tí kì í báni jẹun. Agbéraga là ń pè é. Mo wà lára àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ta ló bi í léèrè irú ọwọ́ tó tọ́ ọ?

Ẹnì kan á ní, "Ṣé kí olè náà wá máa sọ pé bí wọ́n ṣe tọ́ òun nìyẹn?" Rárá o. Èèyàn lè yẹ ara rẹ̀ wò, ológbò ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ a máa ń sọ pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ká sì máa wo ìrókò tìkà-tẹ̀gbin. Ìrókò kọ́ ni òwe yẹn ń bá wí. Ẹni tó ní àdá lọ́wọ́ tí kò pẹ̀ka ló ń bá wí. Tá a bá ti mọ èyí, ìdájọ́ ò ní í yá wa lára tó bẹ́ẹ̀, sùúrù ló máa kù.

Ológbò náà ti padà sẹ́yìn igi ìdáná. Mo máa ń gbé orí ẹja lọ fún un, màá jókòó jìnnà díẹ̀, màá wojú ibòmíì. Tẹ́lẹ̀, àfi tí mo bá lọ tán kó tó jẹ ẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jẹ ẹ́ níṣojú mi.

Mo ti kí arákùnrin yẹn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan ló dáhùn.